Seiko 6159-7010: Aago Amòòkùn tó Ti Ilẹ̀kùn Mọ́ Helium

Bí ẹnì kan bá gbé Seiko 6159-7010 síwájú yín pé òun fẹ́ tà á, nọ́ńbà 600 tó wà lójú rẹ̀, ìyẹn iye mítà tó lè wọ̀ nínú omi, kọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Rọ́bà kan tó sá pamọ́ sábẹ́ gíláàsì, tí ojú kò lè tó láìtú aago, ni gbogbo òkìkí rẹ̀ rọ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ àádọ́ta ọdún kì í ṣe eré fún rọ́bà. Aago àtàtà ni o, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Àmọ́ púpọ̀ nínú èyí tó ń yí kiri lọ́jà lónìí, ara àti orúkọ ló kù. Ohun tó sọ ọ́ di ìlú-mọ̀ọ́ká ti kú nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí àyẹ̀wò yìí fi máa pẹ́ lórí rọ́bà àti ẹ́ńjìnì, tí ọ̀rọ̀ ẹwà á sì gba ìwọ̀nba.

Ọdún 1965 ni Seiko ṣe aago amòòkùn àkọ́kọ́ rẹ̀, èyí tó gba mítà 150. Ní 1967, ti mítà 300 jáde. Nígbà tó di 1968, wọ́n fi ẹ́ńjìnì tó ń lù lẹ́ẹ̀mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan sí i. Ọdún yẹn gan-an ni lẹ́tà kan dé láti ìlú Kure, ní agbègbè Hiroshima. Amòòkùn tó ń fi iṣẹ́ abẹ́ òkun jẹun ló kọ ọ́. Ohun tó sọ ni pé ní ìsàlẹ̀ tó ju mítà 300 lọ, níbi tí òun ti ń ṣiṣẹ́, aago kì í bá òun kalẹ́: bí kò bá forí gbá irin kó fọ́, gáàsì helium á ta gíláàsì rẹ̀ dànù. Seiko kò ju lẹ́tà náà sínú dúrọ́ọ̀. Ikuo Tokunaga, onímọ̀ ẹ̀rọ, àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ fi ọdún 7 wá ojútùú, 1975 sì ni 6159-7010 jáde ní Jàpáànì, ní 89,000 yẹ́ẹ̀nì. Nǹkan bí 20 páténtì, ìyẹn ìwé ẹ̀tọ́ lórí ohun tuntun, ni wọ́n gbà lórí aago kan ṣoṣo yìí.

Ọ̀rọ̀ helium yìí ló yẹ ká tú palẹ̀ dáadáa, torí ọ̀pọ̀ tó ń pè é lẹ́nu kò mọ ibi tó ti ń ṣẹlẹ̀. Amòòkùn tó ní iṣẹ́ ọjọ́ púpọ̀ ní ìsàlẹ̀ jíjìn kì í lọ kó máa bọ̀ lójoojúmọ́, nítorí ìgòkè lásán á gba àkókò ju iṣẹ́ fúnra rẹ̀ lọ. Inú yàrá irin ni wọ́n ń kó wọn sí, tí wọ́n á fún afẹ́fẹ́ rẹ̀ pa títí ìfúnpá rẹ̀ á fi bá ti omi ìsàlẹ̀ dọ́gba. Ibẹ̀ ni wọ́n ń jẹ, ibẹ̀ ni wọ́n ń sùn. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń mí níbẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí à ń mí lókè: ọ́síjìn díẹ̀ ni, helium ló kún un, torí pé naitirójìn máa ń pa ènìyàn bí ọtí tó bá ti jìn tó bẹ́ẹ̀.

Helium kéré débi pé rọ́bà tí omi kò lè gbà kọjá, òun á gbà á kọjá. Díẹ̀díẹ̀ ló ń rá wọnú aago, ọjọ́ lórí ọjọ́, títí inú àti òde á fi dọ́gba. Títí dé ibẹ̀, kò sí wàhálà. Wàhálà ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ parí, tí wọ́n wá ń dín ìfúnpá yàrá náà kù kí àwọn amòòkùn lè padà sójú ayé. Ìfúnpá òde ń lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n helium tó ti wọnú aago kò lè tètè jáde bó ṣe yẹ. Gíláàsì aago wà fún kí omi máa tì í wọlé. Wọn kò ṣe é fún kí ohunkóhun máa tì í láti inú. Bí agbára inú bá ti borí, pàó! ó fò jáde. Inú yàrá gbígbẹ ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀, kì í ṣe nínú omi. Ẹni tó ń gbé sílíńdà afẹ́fẹ́ sẹ́yìn, tó lọ wo ẹja fún wákàtí kan tó sì gòkè, kò lè rí i láéláé. Ẹ rántí èyí nígbà tí ẹnì kan bá fẹ́ fi helium gbé owó aago lé yín lórí.

Ọ̀nà méjì ni àwọn tó ń ṣe aago gbà dojú kọ ọ́. Rolex àti Doxa, ní ìparí àwọn ọdún 1960, lu ihò kékeré sí ẹ̀gbẹ́ aago, wọ́n fi fáàfù sí i: bí helium bá pọ̀ jù nínú, fáàfù á ṣí, gáàsì á jáde. Seiko gba ọ̀nà kejì, pé kí helium má wọlé rárá débi tí a ó máa wá ibi tó máa gbà jáde. Gásíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn rọ́bà tó ń dí etí gíláàsì, ti aago lásán rí róbótó bí a bá gé e wò, ojú ibi tó fi kan irin kò ju ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ lọ. Ti 6159-7010 rí bíi lẹ́tà L. Apá kan rẹ̀ wà lábẹ́ gíláàsì, apá kejì gòkè lọ sí ẹ̀gbẹ́ gíláàsì náà. Ọ̀nà tí helium ní láti rìn nínú rọ́bà kó tó wọlé wá gùn, ó sì há. Lẹ́yìn náà, òrùka onísíkúrù kan sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, ó tẹ gíláàsì mọ́lẹ̀ lórí rẹ̀. Bí omi bá ṣe ń tì í tó ni gásíkẹ́ẹ̀tì náà ṣe ń le mọ́ àyè rẹ̀. Ọ̀nà ti Seiko tẹ́ni lọ́rùn ju fáàfù lọ: ihò tí a kò lu kò lè jò.

Kò sí ìdérí lẹ́yìn aago náà. Odidi titanium kan ṣoṣo ni wọ́n gbẹ́ di ara rẹ̀, òun sì ni aago amòòkùn àkọ́kọ́ lágbàáyé tí wọ́n fi titanium ṣe. Irin yìí fúyẹ́, iyọ̀ òkun kò rí i gbé ṣe. Ẹ̀yìn tó dì pa yìí ti dín ojú ibi tí omi lè gbà wọlé kù sí méjì péré: etí gíláàsì, àti orí tí a fi ń wáìn aago, èyí tó wà ní ìhà agogo mẹ́rin tí a sì ń yí mọ́lẹ̀ bíi síkúrù. Ká lè mọ ohun tí mítà 600 jẹ́: ìfúnpá omi òkun níbẹ̀ ju kìlógíráàmù 60 lọ lórí sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin kan. Gíláàsì tí ìbú rẹ̀ bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 3 á ru ohun tó lé ní kìlógíráàmù 400. Ojú gíláàsì tí wọ́n jókòó sí lọ́nà tí kò dọ́gba kò lè gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ láìsán.

Àléébù titanium ni pé nǹkan máa ń tètè fa ìlà sí i lára. Fún èyí, Seiko gbé ẹ̀wù ààbò kan wọ aago náà, wọ́n fi séráámíìkì bo ojú rẹ̀ dúdú, wọ́n sì fi síkúrù dè é mọ́ ara. Ẹ̀wù yìí ló mú kí ìbú aago tó mílímítà 51, òun náà ló jẹ́ kí àwọn tó ń kó aago jọ máa pè é ní agolo ẹja túnà, tí àkọ́kọ́ yìí sì jẹ́ bàbá-ńlá àwọn túnà tó tẹ̀ lé e. Ẹ má jẹ́ kí 51 yẹn dẹ́rù bà yín jù. Ibi tí bẹ́líìtì ti so mọ́ ara sá sábẹ́ ẹ̀wù náà, kò yọ síta bíi ti aago mìíràn, nítorí náà kì í kọjá etí ọrùn-ọwọ́ bí ènìyàn ṣe máa rò. Àmọ́ kò ní wọ abẹ́ ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Ẹ gbàgbé ìyẹn.

Bẹ́líìtì rẹ̀ yẹ fún ìyìn tirẹ̀. Aṣọ rọ́bà tí amòòkùn ń wọ̀ kún fún afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́. Bó bá ṣe ń jìn sísàlẹ̀ ni omi ń tẹ aṣọ náà, tó ń tín-ín-rín. Aago tó le dáadáa lórí aṣọ lókè á wá di gbẹ̀gẹ́rẹ̀ nísàlẹ̀, á máa yí lọ́wọ́ tàbí kó bọ́ pátápátá. Seiko ká apá kan bẹ́líìtì náà bí ìṣẹ́po ìṣẹ́po: a fà á le lókè, ìṣẹ́po ṣí, aṣọ tín-ín-rín nísàlẹ̀, ìṣẹ́po sún padà, aago kò kúrò lójú kan. Gbogbo ayé tó ń ṣe bẹ́líìtì amòòkùn ló ti wo àwòkọ́ṣe rẹ̀ látìgbà náà.

Ẹ́ńjìnì tó wà nínú rẹ̀ ni 6159B: ó ń wáìn ara rẹ̀ bí ọwọ́ bá ṣe ń mì, òkúta kéékèèké tí irin rẹ̀ ń yí lé lórí jẹ́ 25, ó sì ń lù ní ìgbà 36,000 ní wákàtí kan. Ìdílé kan náà ni òun àti ẹ́ńjìnì 61 tó wà nínú Grand Seiko, aago olówó ńlá ti Seiko, ìgbà náà. Ìlù kíákíá báyìí ń mú kí aago péye, kí ìgbọ̀nrìrì má tètè da ìrìn rẹ̀ rú. Ọwọ́ ìṣẹ́jú-àáyá ń yọ́ lọ geere, kì í fò bíi ti aago mìíràn. Ṣùgbọ́n gbogbo adùn ló ní ohun tó ń jẹ. Kẹ̀kẹ́ eléyín tó ń sáré tó bẹ́ẹ̀ máa ń ta òróró dànù kúrò lójú eyín rẹ̀, sípíríǹgì tó ń gbé e ní láti lágbára, ojú ibi tí irin ti ń kan òkúta sì ń jẹ yára ju ti aago tó ń lù lẹ́ẹ̀mẹ́fà lọ. Aago irú èyí tí ẹnikẹ́ni kò fọ̀ fún ogún ọdún, tó ń rìn síbẹ̀, òun gan-an ló yẹ ká bẹ̀rù: ó ń fi gbígbẹ jẹ ara rẹ̀ ni.

Ohun èlò rẹ̀ tún ṣọ̀wọ́n. Nígbà tí ohun kan bá jẹ, ọ̀nà tí àwọn oníṣẹ́ aago ń gbà jáde ni kí wọ́n ra ẹ́ńjìnì Grand Seiko 6145 tàbí 6146 tó ti bàjẹ́, kí wọ́n tú u, torí ọ̀pọ̀ ohun tó wà nínú wọn bá ti 6159 mu. Bẹ́ẹ̀ èyí kì í ṣe ohun olówó pọ́ọ́kú. Ẹ fi í kún iye tí ẹ fẹ́ ná kí ẹ tó dúnàá dúrà.

Bí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. 6159-7010 ni kí wọ́n kọ síbẹ̀. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó tẹ̀ lé e ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é: èyí àkọ́kọ́ ni nọ́ńbà tó kẹ́yìn nínú ọdún náà, èkejì ni oṣù. 1 dé 9 dúró fún oṣù kìíní dé ìkẹsàn-án, 0 ni October, N ni November, D ni December. Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5 àti 9 jẹ́ ti September 1975. 7 àti D jẹ́ ti December 1977. Bí ẹ bá rí 2 níwájú, ẹ dá owó yín padà sápò: aago yìí kò tíì sí ní 1972, nígbà tó sì di 1982, èyí tó ń lo bátìrì ti gba ipò rẹ̀.

Ẹ sọ pé kí wọ́n gbé e sórí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ ìlù aago. Kò gbọdọ̀ ka ohun mìíràn ju 36,000 lọ. Bó bá ka 21,600, ẹ́ńjìnì aago amòòkùn Seiko tó wọ́pọ̀ ni wọ́n tì sínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ 28,800, ti òde òní ni. Ẹ wo bí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣe ń fì jìnnà tó pẹ̀lú: lẹ́yìn tí aago ti kún dáadáa, tí a tẹ́ ẹ sílẹ̀ tó dojú kọ òkè, tí kò sì tó dígírì 200, iṣẹ́ ti wà lára rẹ̀ nìyẹn, kí iye owó sì wálẹ̀. Bí olówó aago bá kọ̀ pé kí wọ́n má gbé e sórí ẹ̀rọ, ìdáhùn ti dé.

Àwọ̀ tó ń tàn lójú aago tún ń tú àṣírí. Àwọ̀ àwọn ọdún 1970 ti rẹ̀. Bí ẹ tan iná sí i, ó lè mọ́ díẹ̀, kò ní pẹ́ tí á fi kú. Irú èyí tó ń gba iná sára tó sì ń tàn mọ́jú kò tíì sí láyé nígbà náà. Láti 1993 ni wọ́n ti ṣe é. Nítorí náà, ojú aago tó ń tàn yanran títí ilẹ̀ fi mọ́ ti gba àwọ̀ tuntun. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹni tó ń tà á sọ ọ́, kó má tà á ní owó ojúlówó. Ẹ fi gíláàsì asọǹkan-di-ńlá wo àwọ̀ ọwọ́ aago àti ti ojú aago pọ̀: bí ọ̀kan bá ti pọ́n, tí èkejì funfun, wọn kò jọ dàgbà.

Ẹ̀wù dúdú tó ti bó ní igun, tí àwọ̀ irin yọ lábẹ́ rẹ̀, kò burú. Aago iṣẹ́ ni. Èyí tó burú ni ẹ̀wù tó mọ́ roro lára aago tí ara rẹ̀ kún fún ojú ọgbẹ́: wọ́n ti kùn ún. Ẹ wo orí síkúrù tó dè é. Bí orí wọn bá ti yí róbótó, ẹnì kan ti fi agídí tú u rí, ẹ sì máa bi ara yín léèrè ohun tí agídí náà ṣe nínú.

Ní ti omi, àyẹ̀wò kan wà tí kò ní ìpalára, tó tún wà nínú ìlànà ISO 6425 tí wọ́n fi ń pe aago ní ti amòòkùn. Ẹ gbé aago sórí irin pẹrẹsẹ tó gbóná ní dígírì 40 sí 45, kó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 sí 20 títí òun náà á fi gbóná tó bẹ́ẹ̀. Ẹ kán ẹ̀kán omi tútù kan, tó wà láàárín dígírì 18 sí 25, sórí gíláàsì. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan, ẹ nù ún. Bí ìkùukùu bá wà lábẹ́ gíláàsì, omi ti wà nínú. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: gíláàsì tó mọ́ kò sọ pé gásíkẹ́ẹ̀tì le, ó kàn sọ pé inú gbẹ lónìí ni. Ẹ̀rọ tó ń fi afẹ́fẹ́ yẹ aago wò náà lè tanni jẹ níbí, torí bí ara aago ṣe ń tẹ̀ ló fi ń díwọ̀n, ara èyí sì le débi pé kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀.

Títú rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́. Láti iwájú ni gbogbo rẹ̀ ti ń jáde: ẹ̀wù ààbò lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà òrùka oníyíyí tó yí ojú aago ká, lẹ́yìn náà òrùka onísíkúrù tó tẹ gíláàsì, èyí tó ń fẹ́ kọ́kọ́rọ́ tó bá ojú ihò rẹ̀ mu rẹ́gí. Kí gíláàsì àti gásíkẹ́ẹ̀tì tó jáde ni iṣẹ́ ń bàjẹ́ jù. Iyọ̀ àti ìdọ̀tí ọdún púpọ̀ ti dì sáàárín ẹ̀wù àti ara. Oníṣẹ́ tí kò rẹ ẹ́ fún ọjọ́ kan tàbí méjì kó rọ̀, á já síkúrù sínú. Títanium lórí titanium náà máa ń lẹ̀ mọ́ra bí a bá fi agbára yí i gbẹ. Èyí tó wọ́pọ̀ ju gbogbo rẹ̀ lọ ni pé oníṣẹ́ kò rí gásíkẹ́ẹ̀tì onílẹ́tà L, ó wá fi rọ́bà róbótó dí àyè rẹ̀. Aago náà lè gba àyẹ̀wò omi kékeré kọjá. Ṣùgbọ́n gíláàsì ti jókòó gíga ju bó ṣe yẹ lọ, òrùka kò wọlé dé òpin eyín rẹ̀, ìlérí helium sì ti parí pátápátá. Bí ẹ bá fẹ́ gbé iṣẹ́ yìí fún ẹnikẹ́ni, ẹ kọ́kọ́ béèrè: gásíkẹ́ẹ̀tì wo lo ní lọ́wọ́? Ẹni tó dáhùn pé “ohun tó bá wọ̀ ọ́ la máa fi sí i” kọ́ lẹ kó aago yìí fún.

Kí ẹ má tilẹ̀ gbé ògbólógbòó rẹ̀ wọ omi. Ọwọ́ fífọ̀ kò ní pa á, òkun kò pọn dandan. Ẹni tó bá fẹ́ irú rẹ̀ tó lè mòòkùn ní ọ̀nà méjì. Ní 2020, Seiko tún un ṣe lọ́tọ̀, ó pè é ní SLA041: titanium náà ni, 1,100 péré ni wọ́n ṣe, ó gba mítà 1,000, ẹ́ńjìnì 8L35 tó ń lù ní 28,800 ló wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ jù ti àkọ́kọ́ lọ, àmọ́ ẹni tó nífẹ̀ẹ́ ìlù mẹ́wàá yẹn á mọ̀ pé ohun kan sọnù.

Ọ̀nà kejì ni àbúrò rẹ̀ tó ń lo bátìrì, 7549-7009, tó jáde ní 1978 pẹ̀lú mítà 600 kan náà, tí òrùka tó di gíláàsì rẹ̀ mú sì pọ́n bíi wúrà. Irú rẹ̀ ni wọ́n so mọ́ ọkọ̀ abẹ́ omi Shinkai 2000 ti JAMSTEC, ilé iṣẹ́ tó ń wádìí òkun ní Jàpáànì, ní 1983, tó dé mítà 1,062 tó sì ń rìn síbẹ̀. Owó rẹ̀ rọlẹ̀ ju ti bàbá-ńlá lọ, ohun èlò rẹ̀ ṣì rọrùn rí. Ibi tó ti le ni pé láti iwájú náà ni wọ́n ti ń pààrọ̀ bátìrì rẹ̀, nítorí náà ẹ sọ fún oníṣẹ́ kó pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì gíláàsì àti ti orí wáìn ní gbogbo ìgbà tó bá ṣí i, kó sì yẹ̀ ẹ́ wò nínú omi kó tó fi lé yín lọ́wọ́.